Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́: Ìyìn Tó Dé Ọ̀dọ̀ Aládùúgbò

Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Ẹni tó bá fi ẹnu lásán ro ẹ̀fọ́, ebi ni yóò mú un sùn. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìyìn Ọlọ́run láàárín wa lónìí wí. Orin ò wọ́n wa, ìlù ò wọ́n wa, aṣọ ẹbí ọjọ́ ìdúpẹ́ ò sì wọ́n wa. Kò burú, torí ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Ṣùgbọ́n ìyìn tí kò bá dé ara ọmọnìkejì kò tíì pé, bó ti wù kí ohùn akọrin dùn tó.

Ìwé Mímọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Nínú ìwé Ámósì orí 5, Ọlọ́run ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbé ariwo orin wọn kúrò létí òun, nítorí wọ́n ń tẹ tálákà mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń gba rìbá. Nínú ìwé Lúùkù orí 10 ẹ̀wẹ̀, àlùfáà àti ọmọ Léfì ló gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kejì kọjá lára ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù bolẹ̀. Ará Samáríà, tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀, ló da òróró àti wáìnì sójú ọgbẹ́ rẹ̀, tó gbé e gun ẹran tirẹ̀, tó sì sanwó ilé èrò fún un. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mọ ìsìn tẹ́ńpìlì dunjú; àánú ni wọn ò ní.

Àwọn tó mú ìgbàgbọ́ wá sílẹ̀ Yorùbá náà kò fi mọ sórí ìwàásù. Ní 1895, àwọn fadá ìjọ Àgùdà dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lántòrò, l'Ábẹ́òkúta. Ní 1907, Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú aláìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibà kì í béèrè bóyá onígbàgbọ́, Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe lèèyàn kó tó mú un. Kí ló wá dé tí ẹni tó fẹ́ ṣàánú yóò fi kọ́kọ́ béèrè?

Ẹnìkan lè ní Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Gálátíà pé kí wọ́n ṣoore, pàápàá fún àwọn ará ilé ìgbàgbọ́. Òótọ́ ni, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí kò jáde nílé, ta ni yóò rí i? Nínú ẹsẹ kan náà, gbogbo ènìyàn ni Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹlòmíì á ní àwọn gbájú-ẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí oore fi ń fẹ́ ọgbọ́n: bí wọ́n bá ní àìsàn ń ṣe ẹnìkan, bá wọn dé ọsibítù, kí o sanwó oògùn níbẹ̀. Ẹni tó sì ní ọwọ́ òun ò tó, kó rántí pé ìfẹ́ kì í ṣe owó nìkan.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣọ́ òru ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjú sí títì, ìyá ọlọ́mọ tuntun tó wà lódìkejì kò rójú sùn, bàbá arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Kí a yí ẹnu ẹ̀rọ náà sínú ṣọ́ọ̀ṣì kò ná wa ní kọ́bọ̀, Ọlọ́run tí à ń yìn kò sì dití. Ẹ san owó iṣẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò. Bí ẹ bá ń pín ìrẹsì Kérésì, ẹ gbé e dé ilé àwọn tó ń gbé ẹran Iléyá wá fún yín, ẹ má sì fi ṣe ìjẹ ìwọ̀ tí ẹ ó fi fà wọ́n wọ ìjọ. Oore tó ń retí èrè ti di òwò.

Nítorí náà, ẹ kọrin, ẹ jó, ẹ yin Ọlọ́run tọkàntọkàn. Bí ìsìn bá parí, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè pé, ta ni yóò jàǹfààní ìyìn mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú? Ẹni tí kò bá rí èsì kankan, kó dìde kó lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀.