Sọ Fún Wọn Pé Ẹsẹ̀ Ń Dùn Ọ́

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé físà ti jáde, àti pé oṣù Kẹjọ ni ìwọ àti ọkọ rẹ ń lọ lo ìsinmi ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú mi dùn púpọ̀. Láti ìgbà tó o ti jáde yunifásítì lo ti ń dúró nídìí kántà báńkì, ó tó kí ojú rẹ rí ibòmíràn. Àmọ́ kí ẹ tó máa di ẹrù, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ rẹ. Mo ń rí ọ bó o ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ nígbà tó o bá dìde láàárọ̀, tí wàá tún máa rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni má bàa bi ọ́ léèrè. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹ fẹ́ dé sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Peckham mọ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó mọ bó ṣe le tó?

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun ń yọ lẹ́nu, ohun tí mo rí ni pé ìtìjú ń ṣe ẹsẹ̀ léṣe ju ìrìn lọ. Ọ̀dọ́ á gbà pé àwọn àgbàlagbà ni ẹsẹ̀ ń dùn. Á gbé ìrora mọ́ra, á máa bá àwọn tó kù sáré kiri ìlú, títí di ọjọ́ kẹta tí kò ní lè fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ lọ á wá jókòó tì í nílé, inú á máa bí wọn, nítorí wọn ò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ibì kankan sílẹ̀ pé ẹ máa lọ, jẹ́ kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ máa rìn mọ ibi tí agbára ẹsẹ̀ rẹ mọ.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Iṣan kan tó nípọn wà lábẹ́ ẹsẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní plantar fascia. Láti eegun gìgísẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó na dé ìdí àwọn ọmọ ìka, ó sì gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ dúró bí ọṣán ṣe ń mú ọrun tẹ̀. Bí èèyàn bá ń dúró tipẹ́ lórí ilẹ̀ líle, bí ara bá wúwo sí i, bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá gan, tàbí bí ẹni tí kì í rìn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn púpọ̀, ìdí iṣan yìí lára gìgísẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lóru, tó o bá sùn, ẹsẹ̀ á na síwájú, iṣan á sún kì. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ á wá fà á lójijì, òun ló fi ń dà bíi pé o tẹ ìṣó. Bó o bá rìn díẹ̀, á rọlẹ̀, wàá rò pé ó ti lọ. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún padà.

Ìwọ sì rèé, inú ọkọ̀ lo ti ń bọ́ sí báńkì, inú ọkọ̀ lo ti ń padà sílé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dé ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ni wọ́n tún fi ń rìn láti ibùdókọ̀ dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn èèyàn wa tó ti pẹ́ níbẹ̀ kò tilẹ̀ kà á sí ìrìn mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ní ibì kan kò jìnnà, béèrè ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń dé ibẹ̀.

Kó o tó náwó lórí ohunkóhun, lọ rí dókítà tàbí àwọn físíò ní ọsibítù, nítorí gìgísẹ̀ lè máa dunni fún ìdí mìíràn. Gáùtì wà, eegun tó sán nítorí àṣejù wà, ẹni tó bá sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, eegun rẹ̀ lè máa ro ó lọ́nà tí kò kan iṣan yìí rárá. Bí wọ́n bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iṣan náà ni, ìdárayá ni kó o kọ́kọ́ gbájú mọ́.

Láàárọ̀, kó o tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, jókòó kí o gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lé orúnkún kejì. Di gbogbo ọmọ ìka rẹ̀ mú, kí o rọra fà wọ́n sẹ́yìn síhà ojúgun. Fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ abẹ́ ẹsẹ̀ náà wò, wàá rí i pé nǹkan kan le gan-an lábẹ́ awọ, ó yọ bí o ṣe ń fà á. Òun ni iṣan tí mò ń wí. Dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, tú u sílẹ̀, kí o tún un ṣe títí yóò fi di ìgbà 10. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni. Bí orúnkún kò bá jẹ́ kó o lè gbé e bẹ́ẹ̀, fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ iwájú ẹsẹ̀, kó o fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Lẹ́yìn náà, dúró kọjú sí ògiri, gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn sẹ́yìn, má ṣe tẹ orúnkún rẹ̀, jẹ́ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa, kí o fara ti ògiri títí wàá fi mọ̀ pé ó ń fà lẹ́yìn ojúgun. Má dúró de ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọ bàálù kó o tó bẹ̀rẹ̀. Iṣan yìí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kíákíá, oṣù ló ń gbà, kì í ṣe ọjọ́.

Bàtà ńkọ́? Bàtà pẹlẹbẹ dúdú tó o fi ń lọ síbi iṣẹ́, fi í sílẹ̀ sí Ìbàdàn. Nírọ̀lẹ́ ni kó o lọ ra bàtà ìrìn, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kó o sì mú ìbọ̀sẹ̀ tí wàá máa wọ̀ sí i dání. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Mú bàtà náà lọ́wọ́ kó o gbìyànjú láti ká a: níbi ọmọ ìka ló yẹ kó ti tẹ̀. Bó bá ká láàárín bí sílípáàsì, dá a padà fún olówó rẹ̀. Tìmùtìmù tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà dára, èyí tí wọ́n ń tà lásán ní ṣọ́ọ̀bù sì tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ. Ra bàtà méjì kó o lè máa pààrọ̀ wọn, kó o sì máa wọ̀ wọ́n lọ sọ́jà àti ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé.

Bí ẹ bá ń ra ìbánigbófò ìrìn-àjò, ìyẹn inṣọ́ránsì, sọ fún wọn pé gìgísẹ̀ ń dùn ọ́. Bó o bá fi pa mọ́, tí ọ̀rọ̀ sì dé ọsibítù, wọ́n lè sọ pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀. Àlejò tí kò ní inṣọ́ránsì, tí wọ́n bá dá dúró sí ọsibítù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń ná wọn ni wọ́n ń bù fún un láti san.

Ti pápákọ̀ òfurufú ni kó o fetí sí dáadáa, torí mo mọ̀ pé wàá fẹ́ jiyàn. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ju wákàtí mẹ́fà lọ, ẹsẹ̀ á sì wú nínú ìjókòó. Dìde rìn nínú bàálù, máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò níbi tó o jókòó. Bẹ́ ẹ bá wá balẹ̀ sí Heathrow, ìrìn tó wà láti ẹnu bàálù dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò gùn, ó sì lè jẹ́ pé lórí ìlà ni wàá tún dúró sí. Pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó o sọ pé o nílò ìrànlọ́wọ́ láti rìn. Wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ tì ọ́, ọ̀fẹ́ ni, òfin ló sì fún ọ. O lè máa rò pé àwọn èèyàn á wò ọ́ pé ọmọ kékeré ló jókòó sínú kẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí wọ́n wò. Àwọn tó ń wò ọ́ kọ́ ló máa bá ọ gbé gìgísẹ̀ náà dé Peckham.

Ní ti ìlú fúnra rẹ̀, ohun ńlá kan ṣoṣo ni kí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ kan, kí ọjọ́ kejì sì fúyẹ́. Fi bọ́ọ̀sì ṣe ọ̀rẹ́. Bọ́ọ̀sì 12 ń ti Peckham gba Camberwell àti Elephant and Castle kọjá, á gba orí afárá Westminster, wàá sì rí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti Big Ben láti ojú fèrèsé, kó o tó dé Trafalgar. Orí ìjókòó lo wà títí dé ibẹ̀. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ yá ju bọ́ọ̀sì lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Ọ̀nà rélùwéè Elizabeth, tí wọ́n ṣí ní 2022, ló rọrùn jù fún irú ẹsẹ̀ báyìí, nítorí lífìtì wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ Covent Garden, dúró de lífìtì: àtẹ̀gùn 193 ló wà níbẹ̀, ó sì lọ́ yípo. Ti òkè ilé ìjọsìn St Paul's, 528 ni. Jẹ́ kí ọkọ rẹ gùn ún, kó o jókòó nísàlẹ̀ kí o gbádùn ilé náà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìlú náà sì ní báàjì kan tí wọ́n ti ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2017, tó ń bẹ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ pé kí wọ́n fún ẹni tó fi sáyà ní ìjókòó. Wọn kì í béèrè ìwé dókítà.

Ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kó o fò. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé rẹ̀. Ibẹ̀ ni orí idẹ Ifẹ̀ kan wà, èyí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tó sì dé ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó ń dùn mí pé ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ń lọ kó tó rí i, ṣùgbọ́n bó o bá ti dé ibẹ̀, lọ rí i. Ilé náà tóbi, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òkúta. Dídúró lójú kan àti rírìn díẹ̀díẹ̀ láti gíláàsì kan sí èkejì a máa pa gìgísẹ̀ ju ìrìn tààrà lọ. Wọlé, béèrè ibi tí àwọn nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà wà, wá lífìtì, lọ síbẹ̀ tààrà nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì lágbára, kó o wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fín sójú orí náà dáadáa. Ohun tó kù nínú ilé yẹn lè dúró.

Nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ, wọ́n á ní kí ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Sọ fún un pé o ní sálúbàtà tó nípọn tí kì í jáde síta, òun ni wàá máa wọ̀ nínú ilé. Bí òde ìgbéyàwó bá bọ́ sí àárín ìsinmi yín, tí ẹ sì ra aṣọ ẹbí, wọ bàtà tó ga díẹ̀ lọ bó bá wù ọ́, àmọ́ mú bàtà ìrìn dání sínú báàgì. Jó bọ́ sọ́dọ̀ ìyàwó, náwó fún un, kó o padà sídìí tábìlì.

Lálẹ́, gbé ìgò omi ike sínú fìrísà títí yóò fi dì, fi aṣọ wé e, kó o máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i lọ yí i bọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Ní ti oògùn, má ṣe lo ibuprofen kó o lè rìn sí i. Ìrora tó o bá pa lọ́sàn-án, ohun tó ń kìlọ̀ fún ọ lo pa. Bí o bá máa lò ó, jẹun kó o tó lò ó, má sì sọ ọ́ di ojoojúmọ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ bi dókítà ná, ìwọ náà sì gbọ́dọ̀ bi wọ́n bí oyún bá wà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè wọ ilé oògùn èyíkéyìí kí ẹ bi àwọn apoògùn níbẹ̀ léèrè, wọn kì í gba owó ìmọ̀ràn.

Bí o bá gbọ́ kí nǹkan ró pó lábẹ́ ẹsẹ̀, bí o kò bá lè tẹlẹ̀ rárá, bí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, tàbí bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun kan ṣoṣo bá wú tó sì gbóná lẹ́yìn ìrìn bàálù, kò sí sùúrù níbẹ̀. Ọsibítù ni. Bí àtọ̀gbẹ bá wà lára ẹnikẹ́ni nínú yín, kó máa yẹ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́, nítorí ó lè ní egbò tí kò dùn ún.

Bí ẹ bá padà dé, má pa ìdárayá tì nítorí pé ara ti fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni gìgísẹ̀ wọn ń yá láàárín ọdún kan, bí wọ́n bá tẹra mọ́ ọn. Bó bá ṣì ń dùn ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹnì kan sì fẹ́ fún ọ ní abẹ́rẹ́ sí gìgísẹ̀, bi í bóyá ó lè já iṣan náà, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀, kó o sì mú ọkọ rẹ dání lọ́jọ́ náà kí òun náà gbọ́ èsì.