Bí Mọ́tò Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì Ṣe Ń Di Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí mọ́tò tó kó iṣu bá rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà oko, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ọ̀kan á máa yí lásán, èkejì á dúró gbagidi. Kí ló fà á?

Píjó 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Differential tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń jẹ́ kí èyí tó wà níbi tó ń yọ̀ máa yí lọ.

Ní nǹkan bíi 1980, Henry Dangel, ará Faransé, sọ 504 yìí di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ nìyí:

1. Àpótí gíà kejì, tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn.
2. Ọ̀pá propeller tó ń gbé agbára lọ síwájú.
3. Differential iwájú, pẹ̀lú ọ̀pá tó lè yí ẹsẹ̀ bí sítíárìn ṣe ń darí rẹ̀.

Ṣé a lè ṣe é nílé? Mo gbà pé ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jó irin nìkan ò lè dá a ṣe. Bí ìṣirò eyín gíà iwájú àti tẹ̀yìn ò bá dọ́gba, wọ́n á máa bá ara wọn fà á títí nǹkan á fi ṣẹ́.

Ẹ rántí o: ẹsẹ̀ mẹ́rin ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti jáde nínú ẹrẹ̀ ni. Bíréèkì ló ń dá a dúró.