Ẹ Rọra Sáré Kí Ẹ Lè Pẹ́ Lórí Eré

Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Eléko tí ẹ máa ń jáde sí etí òkun ní ìdájí, tí ẹ ń fi gbogbo agbára sáré lórí iyanrìn títí ẹsẹ̀ á fi kọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ju kìlómítà 42 lọ. Ẹni tó bá ná gbogbo agbára rẹ̀ lórí ìdánrawò kò ní rí nǹkan kan gbé dé ọjọ́ ìje.

Patrick Sang, ọmọ Kẹ́ńyà, gba fàdákà ní Òlíḿpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, nínú eré 3,000 mítà tí wọ́n ti ń fo igi àti omi. Nígbà tó yá, ó di kóòṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò rẹ̀ ní Nandi wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣètò ìdánrawò fún òun. Sang ṣe é fún un. Ọmọ náà ṣe é tán, ó tún padà wá gba òmíràn. Eliud Kipchoge nìyẹn. Lọ́dún 2003 ó gba wúrà 5,000 mítà níbi ìdíje àgbáyé ní Paris. Lọ́dún 2012, wọn kò mú un lọ sí Òlíḿpíìkì London. Ẹlòmíràn ì bá pa kóòṣì dà. Kipchoge dúró ti Sang, ó bọ́ sórí eré ọ̀nà jíjìn, nígbà tó sì di 2018, ó sáré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ní Berlin ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 39, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá rí nígbà náà. Lọ́dún 2022 ó tún dín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni bó ṣe ń múra. Ó lè sá ju 200 kìlómítà lọ lọ́sẹ̀ kan, àmọ́ jẹ́jẹ́ ló ń sá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì ń kọ ohun tó bá ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ sáré débi tí ẹ ṣì lè bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀. Iyanrìn tútù tó le létí omi ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì máa yí padà, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ dagun, ẹsẹ̀ kan ló máa ń jìyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré lójú títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Tírélà àti tànkà tó ń lọ sí ilé ìfọpo àti èbúté kì í rí yín nínú òkùnkùn.

Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn a fi kọ́gbọ́n. Abraham Kiptum ló gbégbá orókè nínú eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin Èkó lọ́dún 2016 àti 2017. Ní 2018, ní Valencia, ó sá ìdajì ẹlẹ́mìí-ẹṣin ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18. Kò tíì sẹ́ni tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fa wàhálà. Wọ́n lé e kúrò lórí eré fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì fagi lé ohun tó ṣe ní Valencia. Ó dùn mí, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín lóògùn létí pápá, kódà kó pè é ní fítámì, ẹ má gbé e mì. Ohun tí wọ́n bá bá nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn fún un.

Ẹ lọ wá kóòṣì. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ eré yín sí dání, kí ẹ sì sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń gbẹ́sẹ̀ kó tó ṣètò ohunkóhun.