Ọ̀pá àti Ríìlì fún Omi Àpápá: Ṣe àti Má Ṣe

Ọ̀pọ̀ ọ̀pá àti ríìlì tí wọ́n dì pọ̀ sínú páálí kan, ẹja bass ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Inú adágún tí kò níyọ̀ ni ẹja yìí ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú àwọn tó wúwo jù nínú àkọsílẹ̀, tí wọ́n mú ní Georgia ní 1932, fi díẹ̀ lé ní kìlógíráàmù 10. Omi Àpápá yàtọ̀. Ọ̀sà àti òkun ló pàdé níbẹ̀: iyọ̀ ń bẹ, òkúta ń bẹ, ẹja kúta tó lè gùn ju mítà kan lọ sì ń bẹ. Ìwọ tó ń ti Ajégúnlẹ̀ tàbí Àpápá lọ ju ìwọ̀, omi rẹ ni kí o fi yan ọ̀pá. Má fi àwòrán ara páálí yàn án.

ṢE

Ṣe ìpinnu ibi tí o máa dúró sí kí o tó mú owó jáde. Lórí jẹ́tì tàbí nínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 tó. Ní etíkun tí ìgbì ti ń rọ́ wọlé, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 ló lè ju ìdẹ kọjá ìgbì.

Ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá, lókè ibi ìdìmú. Ìlà kan ń sọ agbára okùn tó lè gbà, èkejì ń sọ ìwọ̀n ìdẹ tó lè jù. Bí wọ́n bá kọ pọ́ùn 8 sí 15, tí o wá fi okùn pọ́ùn 40 sí i, ọ̀pá lè ṣẹ́ kí okùn tó já. Èyí tí wọ́n kọ Medium sí yóò gbé ọ̀bọ̀kún àti kròkà. Medium Heavy ni kí o mú lọ bá kúta.

Béèrè ríìlì tí wọ́n ṣe fún omi iyọ̀. Iyọ̀ á tètè mú kí irin inú ríìlì omi adágún dípẹtà. Ní ti bí ríìlì ṣe tóbi tó, nọ́ńbà 2500 dára fún ẹ̀pìyà, 4000 fún jẹ́tì, 5000 tàbí 6000 fún ọ̀pá gígùn etíkun.

Dán búréèkì ríìlì wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní kí ẹnìkan máa fa okùn. Ó yẹ kó máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, láìta gìrì. Lórí omi, fi búréèkì sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára okùn: fún okùn pọ́ùn 20, pọ́ùn 5 sí nǹkan bí 7 ni.

So ríìlì mọ́ ọ̀pá kí o tó sanwó. Gbé méjèèjì lé ìka kan níbi tí ọwọ́ rẹ máa dì mú. Bí orí ọ̀pá bá já wálẹ̀ lójijì, ọrùn ọwọ́ á ro ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Yẹ gbogbo òrùka ọ̀pá wò, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀. Fa òwú kọjá nínú wọn. Òrùka tó bá há òwú mọ́ra ti sán, yóò sì máa gé okùn.

Ya owó okùn sọ́tọ̀. Okùn híhun tín-ín-rín, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n òkúta tètè ń gé e. Ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ìgànná òkúta ẹnu òkun Èkó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1908, fi okùn náílọ́ọ̀nù bíi mítà kan síwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ kúta lò ń wá, wáyà ni kó kan ìwọ̀, torí eyín rẹ̀.

MÁ ṢE

Má ṣe fi iye bíárìn díwọ̀n ríìlì. Bíárìn 5 tí omi kò lè wọ̀ sàn ju 12 tí yóò dípẹtà.

Má ṣe fi baitcaster, ríìlì tó ń jókòó lórí ọ̀pá, bẹ̀rẹ̀. Bí àtàǹpàkò kò bá tíì mọ bí a ṣe ń dá a dúró, okùn á lọ́ pọ̀. Ríìlì onírin ìṣípadé, èyí tó ń so rọ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá, ni kí o fi kọ́ṣẹ́.

Má ṣe ká okùn dé etí ríìlì. Fi mìlímítà 2 sí 3 sílẹ̀, kó má baà tú dà nù.

Má ṣe mú ọ̀pá tó rọ̀ jù lọ síbi ewéko. Láti 1984 ni ewéko orí omi kan ti gba ojú omi Àgbádárìgì wọlé láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin. Bí ẹja bá sá wọ inú rẹ̀, ọ̀pá tí kò lágbára kò lè fà á jáde.

Má ṣe gbé ọ̀pá àti ríìlì sílé láì fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn wọ́n. Ní ìgbà òjò, omi odò ń dín iyọ̀ ọ̀sà kù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á padà. Ìgbà yòówù kó jẹ́, fún búréèkì ríìlì le díẹ̀, da omi lé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nù ún, fi sí òjìji. Má rì í sínú báàkẹ́ẹ̀tì, má sì fi omi alágbára lù ú.

Má ṣe na ọ̀pá carbon sókè nígbà tí àrá bá ń sán, tàbí lábẹ́ wáyà iná. Carbon ń gbé iná. Bí o bá gbọ́ àrá àkọ́kọ́, gbé e sílẹ̀, kí o wá ilé wọ̀.

Má ṣe lọ ju ìwọ̀ níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀. Èbúté Àpápá kì í ṣe ibi ìpẹja, ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá sì ni Commodore Channel.

Má ṣe ná gbogbo owó tán sórí ọ̀pá. Bí o bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi, ra jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà ẹ̀mí tó bá ara rẹ mu, kí o sì wọ̀ ọ́. Bí owó kò bá tó ra méjèèjì, jákẹ́ẹ̀tì ni kí o kọ́kọ́ rà; ẹja á ṣì wà nínú omi títí owó ọ̀pá yóò fi pé.