Èéfín, Ẹ̀dọ̀fóró àti Ọwọ́ Tí A Kò Fọ̀



Ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti ní àwọn ìlú Afijió yòókù, ọ̀pọ̀ ìyá wa ni ó ti ń fi igi dáná tí wọ́n sì ń yan gàrí nínú èéfín láti ìgbà èwe wọn. Àwọn bàbá mìíràn ń mu sìgá. Bí ó bá pẹ́ títí, èéfín a ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́: ikọ́ kò ní lọ, ènìyàn a sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá rìn díẹ̀. Ẹ má pe èyí ní ọjọ́ ogbó lásán, àìsàn ni.

Bí àìsàn náà bá le, a lè gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bí UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1957, sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù. Wọ́n lè ki rọ́bà sí i lọ́nà ọ̀fun kí ẹ̀rọ máa bá a mí. Ẹ̀rọ náà ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Irun wínníwínní wà ní ọ̀nà èémí wa tí ń gbá ìdọ̀tí síta bí ìgbálẹ̀. Èéfín ti ba ìgbálẹ̀ yìí jẹ́, rọ́bà kò sì jẹ́ kí aláìsàn lè wúkọ́ dáadáa. Nítorí náà, kòkòrò àrùn a ráyè wọlé, òtútù àyà tuntun a sì gun orí àìsàn àtijọ́.

Ọwọ́ ni ó sábà máa ń gbé kòkòrò náà kiri: ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ọwọ́ àwa tí a wá kí aláìsàn. Ní ọdún 1847, dókítà Ignaz Semmelweis ní ìlú Vienna mú kí àwọn dókítà máa fọ ọwọ́, ikú àwọn abiyamọ sì dínkù gidigidi. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 aláìsàn tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, nǹkan bí 15 ni ó ń kó àrùn tuntun níbẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn, àti nígbà tí ẹ bá ń lọ.

2. Ẹ má rọ́ bo ibùsùn rẹ̀. Ẹni tí ń wúkọ́ kí ó dúró sílé.

3. Ẹ má fún un ní ẹ̀kọ tàbí àgbo láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì mọ̀. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá gbé orí ibùsùn sókè, ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

4. Ẹ sọ fún dókítà iye ọdún tí ó ti wà nínú èéfín tàbí tí ó ti ń mu sìgá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ dáná níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Bí ikọ́ bá sì tó ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ fi ara hàn ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn aláìsàn rẹ̀, ìdí omi àti ọṣẹ ni kí ó kọ́kọ́ yà sí.