Fá, ha, jọ̀lọ̀, dán

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì CMS ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe ti jáde ní 1843. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé ó ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Sàró kí ó tó di àlùfáà. Ẹni tó kó èdè wa sínú ìwé mọ bí a ṣe ń di ìfági mú. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ igi ti ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́.

Fún àpẹẹrẹ, ẹ wo ẹ̀rọ onísáńpépà kan tí káfíńtà lè fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ní ṣọ́ọ̀bù. Yóò gé plywood ní róbótó-róbótó, yóò lu àárín wọn, yóò ti ọ̀pá irin bọ inú wọn, yóò sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ di òpó kan. Ọ̀pá náà á jókòó sórí béárìn ní ìhà méjèèjì, mọ́tò iná á máa fi bẹ́líìtì yí i. Sáńpépà ni yóò wé mọ́ òpó náà bí ẹni ń wé báńdéèjì. Abẹ́ rẹ̀ ni pákó ń gbà kọjá, lórí tábìlì tó ṣeé gbé sókè, tó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ìlù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe òpó yìí. Kí ẹnikẹ́ni má túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, àgàgà ní Àgbádárìgì, níbi tí àwọn Ògù ti ní ìlù Sato. Rólà tó o.

Kí wá ni rólà yìí ń ṣe fún pákó? Mo ti rí i kà pé "ó ń dán pákó". Àṣìṣe ni. Dán tí à ń wí yìí kì í gba àbọ̀: pákó ló ń dán, ènìyàn a sì máa mú un dán. Ẹni tó bá dán nǹkan, ó dán an wò ni.

Ọ̀rọ̀ wo ló wá yẹ? Gbẹ́ ni ti odó, ère àti ọkọ̀ ojú omi. Fá ni ti ohun tó lójú abẹ. Ibẹ̀ ni ìfági ti jáde, bí a ṣe ń fá orí. Sáńpépà kò lójú abẹ, èérún líle ara rẹ̀ ló fi ń ha igi. Ha ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù. Kí sáńpépà tó dé, ewé eépín ni àwọn agbẹ́gilére fi ń ha ara ère.

Èyí tó ṣòro ni orúkọ àbájáde iṣẹ́. Sáńpépà nọ́ńbà 80, tí èérún rẹ̀ tóbi, ló ń mú pákó tẹ́jú. 120 àti 180 ló ń mú un jọ̀lọ̀, ọwọ́ ló sì ń mọ̀ ọ́n. Dán, ojú ló ń rí i: ìgbà tí a bá kun fánísì ni ìmọ́lẹ̀ ń kọ lára igi. Pákó lè jọ̀lọ̀ láì dán. Kúnná kì í ṣe ti pákó rárá. Eruku rẹ̀ ló kúnná bí èlùbọ́, tó fi ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bo imú.

Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tiẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọ wa, ẹ kọ "fi sáńpépà ha pákó kí ó lè jọ̀lọ̀". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé kọ "dán pákó".