Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìpínrọ̀ Ìtúpalẹ̀ Lórí Ìtàn Kúkúrú

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ò ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá, jẹ́ kí á jọ yẹ irú ìbéèrè yìí wò:

"Kọ ìpínrọ̀ kan láti fi ṣàlàyé bí ìtàn tí o kà ṣe fi ìwà Ìjàpá hàn."

Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní kí o sọ ìtàn. Ẹni tí yóò máàkì ìwé rẹ ti mọ ìtàn náà kí o tó wọ yàrá ìdánwò. Ohun tí ó ń fẹ́ ni ohun tí ìwọ rí nínú rẹ̀. Bí a bá ní kí télọ̀ sọ bí wọ́n ṣe rán ẹ̀wù kan, kò ní gbé ẹ̀wù náà wọ̀ kí ó máa yan kiri. Yóò tú ojú rírán rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni títú ìtàn palẹ̀ rí.

Ìtàn tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Àlọ́ Ìjàpá kan ni a ó lò, nítorí pé ó kúrú, ọ̀pọ̀ yín ni ó sì ti gbọ́ ọ rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó ọ̀pọ̀ àlọ́ Ìjàpá jọ sínú ìwé tí ó pè ní Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá ní ọdún 1973. Bí wọ́n ṣe ń pa èyí tí a ó lò ní agboolé wa nìyí:

Ìjàpá lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ gbé àsáró kaná fún un, ó sì jáde lọ pọn omi. Òórùn àsáró náà kò jẹ́ kí Ìjàpá lè jókòó. Ó yọ́ wọ ilé ìdáná, ó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà rẹ̀, ó sì dé e mọ́rí. Nígbà tí ìyá náà dé, Ìjàpá ní òun ń lọ. Àwọn àna rẹ̀ ní àwọn yóò sìn ín sọ́nà. Ó ní kí wọ́n padà, wọn kò padà. Òógùn bò ó. Kò lè dọ̀bálẹ̀, kò sì lè ṣí fìlà. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gbọn fìlà dànù lójú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà ni orí Ìjàpá ti pá.

Ní ibòmíràn, ẹ̀wà ni wọ́n máa ń ní ó jí, kì í ṣe àsáró. Ìyẹn kò burú. Èyí tí ó wà nínú ìwé tí a yàn fún ọ ni kí o lò.

Ìdáhùn tí kò lè gba máàkì púpọ̀

"Ìjàpá jẹ́ olè àti ọ̀kánjúwà. Ní ọjọ́ kan, ó lọ sí ilé àna rẹ̀. Ó rí àsáró lórí iná, ó sì bù ú sínú fìlà. Nígbà tí ó ń lọ, àsáró jó o, orí rẹ̀ sì pá. Ìtàn yìí kọ́ wa pé kò yẹ kí á máa jalè."

Kò sí irọ́ nínú ìdáhùn yìí. Àléébù rẹ̀ ni pé gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni ó sọ̀rọ̀ nípa ìwà. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ń sọ ìtàn lásán ni, wọn kò padà sórí ìwà náà mọ́. Gbólóhùn ìkẹyìn sì ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin

(a) Mú kókó kan ṣoṣo. Kọ ọ́ ní gbólóhùn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀. Gbólóhùn kókó tí ó dára ni èyí tí ẹlòmíràn lè tìtorí rẹ̀ bi ọ́ pé, "Báwo ni o ṣe mọ̀?" Kò sí ẹni tí yóò béèrè bí o ṣe mọ̀ pé Ìjàpá lọ sí ilé àna, nítorí náà, ìyẹn kì í ṣe kókó.

(b) Mú ẹ̀rí wá láti inú ìtàn. Wo ohun tí ẹ̀dá ìtàn ṣe, ohun tí ó sọ, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ibi tí ó wà. Ẹ̀rí méjì tàbí mẹ́ta ti tó.

(d) Ṣàlàyé ẹ̀rí náà. Lẹ́yìn ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, bi ara rẹ pé, "Kí ni èyí fi hàn?" Kí o sì kọ ìdáhùn rẹ sílẹ̀. Ibí gan-an ni ìtúpalẹ̀ wà.

(e) Pa á dé. Padà sórí kókó rẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Má ṣe mú ọ̀rọ̀ tuntun wọlé mọ́.

Ìpínrọ̀ àwòkọ́ṣe

"Fìlà Ìjàpá ni ìtàn yìí lò láti fi hàn pé ó ka ikùn rẹ̀ sí ju iyì rẹ̀ lọ. Nínú àṣà Yorùbá, fìlà wà lára ohun tí ọkùnrin fi ń ṣe ẹ̀yẹ. Bí ó bá dé iwájú àna, yóò ṣí i, yóò sì dọ̀bálẹ̀. Ìjàpá sọ ohun ẹ̀yẹ yìí di abọ́ àsáró. Kì í ṣe pé ebi fẹ́ pa á kú, nítorí pé òun gan-an ni wọ́n ń se oúnjẹ náà fún. Ohun tí ìbá fi ìrọ̀rùn jẹ nínú àwo ni ó jí sínú fìlà. Láti ìgbà náà, kò lè ṣí fìlà fún àwọn àna rẹ̀ mọ́, olè tí ó jà sì di àfojúdi pẹ̀lú. Àpọ́nlé ni sísìn tí wọ́n ń sìn ín sọ́nà, ṣùgbọ́n bí àpọ́nlé náà ṣe ń gùn sí i ni àsáró ń jó o sí i. Nígbà tí ó gbọn fìlà dànù, orí tí kò ṣí fún ọ̀wọ̀ ni ó ṣí fún ìtìjú. Báyìí ni ohun tí a fi ń gbayì ṣe di ohun tí a fi mọ ẹni tí kò níyì."

Fa ìlà sí abẹ́ "fìlà" níbikíbi tí o bá ti rí i nínú ìpínrọ̀ yìí. Ìwọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lójú kan. Ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé kò sí òwe kankan níbẹ̀. Òwe dára bí ó bá tan ìmọ́lẹ̀ sí kókó rẹ, ṣùgbọ́n òwe kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ ìyànjú

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ti jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún kan, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò sí ẹni tí ó lè sọ ìtàn tó o ní kíláàsì. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, kò ṣe dáadáa nínú Yorùbá, ẹnu sì ya gbogbo wa. Mo gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtàn ni ó ń tún sọ láti ojú ewé kan dé òmíràn, èmi ni mo sì fi yíǹkì pupa kọ "Ó dára púpọ̀" sí abẹ́ wọn. Ohùn dídùn rẹ̀ ni mo ń máàkì, n kò máàkì ìdáhùn sí ìbéèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí etí ìwé akẹ́kọ̀ọ́: "Kí ni èyí fi hàn?" Máa kọ ọ́ sí etí ìwé ara rẹ kí ẹlòmíràn tó bá ọ kọ ọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Èwo ni gbólóhùn kókó nínú mẹ́ta yìí? Sọ ìdí rẹ̀.
(a) Àwọn àna Ìjàpá sìn ín sọ́nà.
(b) Àìní sùúrù ni ó pa Ìjàpá lára, kì í ṣe ebi.
(d) Orí Ìjàpá pá.

2. Ǹjẹ́ o rò pé àwọn àna Ìjàpá ti fura sí i kí fìlà tó ṣí? Kọ ìpínrọ̀ kan tí ó ní ẹ̀rí méjì láti inú ìtàn.

3. Mú ìdáhùn tí kò lè gba máàkì púpọ̀ lókè yìí, kí o tún un kọ. Má ṣe lo kókó fìlà. Wá kókó tìrẹ.